Ìkarahun Ló Ń Fa Ìgbín

Láàárọ̀ Sátidé kan, bíríkìlà méjì gbé òòlù dé ilé ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ní Abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ògiri ọgbà. Gbogbo wa tú jáde. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé ìjọba ti wá kọ X pupa síbẹ̀ lóru pé kí wọ́n wó o. Kò sí X kankan. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Ilé onítáyà tó ti ń jó irin rẹ̀ pọ̀ nínú ọgbà láti ọjọ́ yìí wá ló parí, ó fẹ́ jáde, géètì kò gbà á. Wọ́n ń wó ilé kí ilé lè ráyè kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí irú rẹ̀ rí, ọkọ̀ kékeré kan ni tí mọ́tò máa ń fà, tí wọ́n ká àgọ́ sórí rẹ̀. Tí wọ́n bá ti dénú igbó, wọn a tẹ́ àgọ́, wọn a gun àkàbà lọ sùn. Àwọn ará Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà fi ń la aṣálẹ̀ já. Kò burú, wọ́n ní aṣálẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ sọ pé òun ń kọ́ ọkọ̀ tí òun máa gbé lọ kámpù, "Àmín" ni ìyàwó mi fi dá a lóhùn. Ó rò pé kámpù ojú ọ̀nà Ìbàdàn ni, níbi tí a ti ń gbàdúrà.

Ìgbín ń fà, ìkarahun ń tẹ̀ lé e: ibi tí ẹni bá kọrí sí, ohun tó jẹ́ tirẹ̀ á bá a lọ. Ẹ mọ ìyẹn. Ti ìgbín gan-an ni kí ẹ bá mi wò. Ìgbín kò ra ìkarahun. Kò bi ẹnikẹ́ni pé ewo ló dáa jù, onísípíríìn ni àbí oníbáàgì afẹ́fẹ́. Ìgbín kò sì ní ilé mìíràn tó tì pa sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n wa ní yàrá mẹ́rin. Méjì ń jò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi yan aṣọ àgọ́, tí gbogbo wa sì di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní tipátipá. A ti mọ̀ báyìí pé náílọ́ọ̀nù fúyẹ́, ṣùgbọ́n èémí ẹni a máa di omi lára rẹ̀ lóru, a máa kán síni lójú. Kánfáàsì olówùú ń mí, ó kàn wúwo ni, bí òjò bá sì pa á tí a ká a bẹ́ẹ̀ ní tútù, yóò rùn bí akísà ìnulẹ̀. Ó mọ̀ pé mìlímítà ni wọ́n fi ń wọn agbára aṣọ àgọ́ lábẹ́ omi. "Tèmi, 3,000 ni," ló wí. Mo ní, páànù yàrá ńkọ́, mìlímítà mélòó? Ó wo abọ́ tí ìyàwó rẹ̀ gbé sábẹ́ ibi tó ń jò, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀.

Ti sípíríìn ló wá mú ìjà dé. Ọ̀gá wẹ́dà tó ń bá a jó irin ọkọ̀ náà ní kí wọ́n wá sípíríìn pẹlẹbẹ Hilux àlòkù, kí wọ́n tò ó síra. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Orí irú rẹ̀ ni bọ́lẹ̀kájà jókòó lé. Òun náà ni Mólúè, tí wọ́n kọ́ sórí Mercedes 911, fi gbé àwọn baba wa lọ síbi iṣẹ́. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ nínú rẹ̀, àwọn tó kù á rọ́jú gbé ẹrù délé, alágbẹ̀dẹ ẹ̀bá ọ̀nà á sì tún un ṣe. Báàgì afẹ́fẹ́, bí ó bá ti lu, ó parí, ọkọ̀ á dọ̀bálẹ̀.

"Rárá o," ẹ̀gbọ́n ní. "Indipẹ́ńdẹ́ǹtì ni mo fẹ́. Kí táyà ọ̀tún má mọ ohun tí tòsì ń ṣe."

"Indipẹ́ńdẹ́ǹtì?" Ọ̀gá wẹ́dà yọ awò dúdú lójú. "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí wọ́n fún wa ní 1960, ṣé ẹ ti lò ó tán ni?"

Wọ́n ṣe indipẹ́ńdẹ́ǹtì náà ṣá. Ẹ̀gbọ́n ní ojú ọ̀nà tí kò lọ́dà ni òun ń múra dè. Mo wò ó lójú bóyá àwàdà ni. Òótọ́ ni pé wọ́n ṣe afárá fún wa ní 2017, tí bọ́ọ̀sì BRT sì ń bọ̀ láti Òṣòdì láti 2020. Ẹ kàn yà kúrò lójú títì márosẹ̀ lọ́jọ́ òjò, omi lẹ máa bá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, tó gba orúkọ lára Buba Marwa tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà ológun, ń fi táyà mẹ́ta wẹ omi yẹn lójoojúmọ́ pẹ̀lú èrò àti agbọ̀n tòmátì, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ìrìn àjò afẹ́.

Ibi tí inú ti bí mi rèé. Ọdún 2020 ni àgọ́ náà dé èbúté Àpápá nínú kọnténà, kí ìjọba tó gbé ètò tí wọ́n fi ń pe tírélà wọ èbúté, tí wọ́n sọ ní Ètò, jáde ní 2021. Ìgbà yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta ni tírélà ń tò sórí afárá. Ẹ bá mi fojú inú wò ó: àgọ́ wà lókè nínú kọnténà, ó ká jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó sùn sínú rẹ̀. Awakọ̀ wà nísàlẹ̀ láàárín táyà, lórí paálí, ó ta tapólì nítorí òjò, sítóòfù kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni yẹn mọ kámpù. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ mìlímítà, kò sì sẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀.

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí o. Inú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ rẹ̀ ló ya àwòrán ọkọ̀ náà sí, pẹ̀lú rúlà, gbogbo ẹ̀ mọ́ tónítóní. Gbogbo nǹkan ló wọ̀n, àfi géètì.

Lẹ́yìn tí ògiri wó, ó so ó mọ́ ìdí Sienna rẹ̀, ó di Erin-Ìjẹ̀ṣà, níbi ìṣàn omi Olúmirin. A kí i pé ó dàbọ̀, àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Táyà iwájú ló ń wa Sienna. Bí ẹrù bá ti tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, iwájú á fúyẹ́, táyà á kàn máa yí lásán. Kò tíì jáde ládùúgbò tó ti rì sínú ẹrẹ̀. Àwa mọ́kànlá la tì í padà wálé, ọ̀gá wẹ́dà wà nínú wa, kò sọ nǹkan kan.

Símẹ́ǹtì ti wọ́n, ògiri kò tíì padà sójú rẹ̀. Wọ́n wá gbé ọkọ̀ náà dí ojú ihò, wọ́n sì gba ọlọ́dẹ kan tí yóò máa ṣọ́ ọ. Òun ló ń sùn nínú àgọ́. Òjò rọ̀ mọ́jú lánàá, mo bi í bí ó ṣe rí. Ó ní kò jò rárá.