Fífa Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì Lófìfo: Ọdẹ àti Ìyàwó Rẹ̀

Fífa ìbọn lófìfo ni kí ọdẹ fa ìbọn tí kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ó kàn dún "kẹ̀" lásán. Bóyá ó ń ba ìbọn ẹlẹ́nu méjì jẹ́ tàbí kò bà á jẹ́, àríyànjiyàn àwọn ọdẹ ni láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ibi tí í ti í gbóná tó ilé ọdẹ tí kò rí ẹran pa mọ́. Ní Ìjòkó, lẹ́bàá Ṣàngó-Ọ̀tà, ilé àti iléeṣẹ́ ti gba ibùgbé ọ̀yà àti òkété. Àlàó Ọdẹ, tó ń ṣọ́ ọgbà iléeṣẹ́ kan lóru, wá sọ ọmọńlé ara ògiri di ẹran ìgbẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bísí, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Ìdí ẹwìrì ló dàgbà sí.

ÀLÀÓ: Kẹ̀! Ọmọńlé ti kú.

ÌYÁ BÍSÍ: Ọmọńlé ń rìn lọ, Bàbá Bísí. Ìbọn yín ló ń kú lọ.

ÀLÀÓ: Irin tó ń gba iná ẹtù mọ́ra, ṣé afẹ́fẹ́ ni yóò pa á?

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹtù rí ẹnu ìbọn gbà jáde. Agbára sípíríǹgì tí ẹ ń tú sílẹ̀ yìí, ibo ló ń gbà?

Ìdí ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Sípíríǹgì ló ń ti òòlù kékeré inú ìbọn, òòlù á ti abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á gún ìdí kátíríìjì. Ojú tí abẹ́rẹ́ ń gún yẹn kò le bí irin ìbọn. Ó rọ̀, ó ń tẹ̀ wọnú, ó sì ń gba agbára náà sára. Bí kátíríìjì kò bá sí níbẹ̀, irin ni yóò lọ gbá irin. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, kò sí wàhálà. Lálaalẹ́ fún ọdún gbọọrọ, abẹ́rẹ́ lè sán, pàápàá nínú ìbọn àtijọ́.

ÀLÀÓ: Bàbá mi fa ṣakabùlà lófìfo títí ó fi darúgbó.

ÌYÁ BÍSÍ: Ọmú ṣakabùlà yẹn ńkọ́? Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò gba fìlà iná mọ́. Ọ̀dọ̀ bàbá mi náà lẹ gbé e wá.

ÀLÀÓ: Ṣójà ńkọ́? Wọ́n ń fa ìbọn lófìfo láti fi kọ́ṣẹ́.

ÌYÁ BÍSÍ: Ìjọba ní ń ra abẹ́rẹ́ fún ṣójà. Ta ni yóò ra tiyín?

Àlàó kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ìbọn ọlọ́ta ìgbàlódé ni fífà lófìfo kì í ṣe ní nǹkan kan. Ìbọn .22 ni kì í fẹ́ ẹ, nítorí etí ìdí ọta ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbá. Bí ọta kò bá sí, etí ihò ìbọn fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbá. Ti ẹlẹ́nu méjì tún yàtọ̀, ìbáà jẹ́ ti kátíríìjì tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ wa, ìbáà jẹ́ ọlọ́ta ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé wá pa erin ní Áfíríkà nígbà kan. Lọ́dún 1875, Anson àti Deeley gbé ọnà ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan tí òòlù rẹ̀ wà nínú jáde ní iléeṣẹ́ ìbọn Westley Richards ní Birmingham, gbogbo ayé sì ń wò ó ṣe títí dòní. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀, òòlù àti abẹ́rẹ́ jẹ́ irin kan náà. Bí ẹnu abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́, òòlù lódindi ni a óò pààrọ̀.

ÀLÀÓ: Tọ́nà pọ̀ ní Ṣàngó. Wọ́n á gbẹ́ òmíràn fún mi.

ÌYÁ BÍSÍ: Wọ́n á gbẹ́ ẹ. Ta ni yóò dáná sí i? Bàbá mi á mú irin pọ́n nínú iná, á rì í sómi kó le. Lẹ́yìn náà á tún yá a níná díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á sì wà lára àwọ̀ irin náà títí yóò fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bó bá le jù, á ṣẹ́. Bó bá rọ̀ jù, orí rẹ̀ á tẹ́ bí olú.

Òfin náà tún wà ńbẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ya ìbọn ẹlẹ́nu méjì sọ́tọ̀ sí ṣakabùlà, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni a ti ń gba ìwé àṣẹ rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ tọ́nà ẹ̀bá títì.

ÀLÀÓ: Ó dáa. Bí mo bá ṣí i tí mo tún pa á dé, sípíríǹgì ti le kankan nínú. Ṣé kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú?

Ọ̀rọ̀ Àlàó tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lọ nìyí. Ìbọn àtijọ́ tí òòlù rẹ̀ wà níta rọrùn: àtàǹpàkò ni a ó fi rọra dá òòlù padà. Èyí tí òòlù rẹ̀ wà nínú kò ṣeé dì mú. Ṣíṣí rẹ̀ ló ń ká òòlù méjèèjì sókè. Sípíríǹgì tó dára kì í tètè dẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdẹ fẹ́ kó sinmi. Nítorí náà ni a ṣe ń ṣe kátíríìjì tí kò ní ẹtù, tí ìdí rẹ̀ ní rọ́bà tàbí sípíríǹgì tó ń gba abẹ́rẹ́.

ÀLÀÓ: Àwọn kòròfo tí mo ti yìn wà ńlẹ̀.

ÌYÁ BÍSÍ: Ojú wọn ti tẹ̀ wọnú, kí ló kù tí yóò gba abẹ́rẹ́? Ẹ yọ ojú yẹn, ẹ fi rọ́bà líle dí ihò rẹ̀. Ẹ ṣí ìbọn ná, ká wọ̀n ọ́n.

ÀLÀÓ: Mo ní òfìfo ni! Ṣé ọmọdé ni mí?

Ó ṣí i. Ọ̀pá ọ̀tún ṣófo. Nínú ọ̀pá òsì, kátíríìjì pupa kan wà, ìdí rẹ̀ ń dán, kò ní àpá abẹ́rẹ́ kankan. Ìfà iwájú ló sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀pá ọ̀tún, tẹ̀yìn a jẹ́ ti òsì; tiwájú nìkan ni Àlàó fà.

ÀLÀÓ: Ọmọńlé yẹn mọ̀ pé n kò ní fa tẹ̀yìn.

ÌYÁ BÍSÍ: Ìyá Ràmá, aládùúgbò wa, ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Ṣé òun náà mọ̀?

Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣí ìbọn wò kí a tó fà á, ọ̀pá méjèèjì, pẹ̀lú ojú àti ìka. Kátíríìjì tí a fi rọ́bà sí nídìí gbọ́dọ̀ ní ihò lára tàbí ọ̀dà àwọ̀ mìíràn, kò sì gbọdọ̀ bá ojúlówó gbé àpò kan náà.

ÀLÀÓ: Rọ́bà líle wo ni a óò gé báyìí?

ÌYÁ BÍSÍ: Mo ti gé e láàárọ̀.

ÀLÀÓ: Lára kí ni? Ìyá Bísí, bàtà iṣẹ́ mi dà?

ÌYÁ BÍSÍ: Gìgísẹ̀ tòsì nìkan ni mo gé. Ẹ máa rọra tiro lọ.