Ẹni Mẹ́wàá, Bùrẹ́ẹ̀tì Kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láàbù kẹ́mísìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì. Èmi kọ́ ni lẹ́kíṣọ̀, mi ò sì sí lára akẹ́kọ̀ọ́. Èmi ni Bàbá Láàbù, ẹni tó ń po kẹ́míkà, tó ń fọ fláásíkì, tí wọ́n sì ń bi léèrè tí fláásíkì bá fọ́.

Tẹ́lẹ̀, ìwé ìlànà wà. Kálukú á ṣe ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, á gba ilé rẹ̀ lọ. Àfi bí àwọn ọ̀gá ṣe dé láti ìpàdé lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní etí nìkan kò kọ́ ọmọ ní kẹ́mísìrì, àfi ọwọ́. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ pín sí gúrúùpù, kí gúrúùpù kọ̀ọ̀kan wá ìbéèrè ládùúgbò, kó sì fúnra rẹ̀ wá ìdáhùn.

Gúrúùpù kan ní àwọn fẹ́ mọ bí omi kànga àdúgbò ṣe le tó. Ìbéèrè gidi ni. Omi líle ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, òun ló ń mú kí inú kẹ́tùlù funfun. Kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n á wọn 50 mL omi náà sínú fláásíkì, wọ́n á fi ammonia buffer gbé pH rẹ̀ dé 10, wọ́n á fi Eriochrome Black T díẹ̀ sí i, á di àwọ̀ wáìnì pupa. Wọ́n á wá máa kán EDTA sí i láti inú bùrẹ́ẹ̀tì títí yóò fi di búlúù. Tí EDTA bá jẹ́ 0.01 M, mílílítà kan rẹ̀ dúró fún mílígíráàmù kan calcium carbonate. Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kù.

Ta ló po buffer tó ń ta nímú yẹn? Èmi. Ta ló jí dúró ti ẹ̀rọ omi dísítíìlì kí iná tó lọ? Èmi náà ni.

Èèyàn mẹ́wàá rọ́ wọlé. Ọmọbìnrin kan di bùrẹ́ẹ̀tì mú. Ẹnìkan ń ya fọ́tò rẹ̀, ẹlòmíì ń ya ẹni tó ń ya fọ́tò. Àwọn méjì ń jà sí ipò olórí gúrúùpù. Èyí tí wọ́n ní kó ka bùrẹ́ẹ̀tì nàró, ó ń yọjú wò ó látòkè bí ẹni ń wo inú kànga. Mo ní, "Bẹ̀rẹ̀, ìwọ ọmọ yìí, jẹ́ kí ojú rẹ ṣe déédéé omi!" Ó ní, "Ojú mi dáa, sà."

Àwọ̀ náà dé àárín pupa àti búlúù. "Ó ti di búlúù!" "Kò tíì dà á!" Ni ẹnìkan bá ní kí wọ́n dìbò. Ẹ gbà mí o, wọ́n dìbò lórí àwọ̀!

Èsì dé, iye mL EDTA tí wọ́n lò: 1.40, 1.40, 1.40. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ èèyàn kì í bára mu tó báyìí, àfi tí bírò bá dá sí i. Ẹ tún ṣírò rẹ̀: 28 mg/L ni. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà ti ọdún 2007 fàyè gba 150. Kànga wo ládùúgbò wa yìí ló rọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Mo yẹ garawa ìdọ̀tí wò, mo bá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà níbẹ̀. Kànga jìnnà, oòrùn mú, wọ́n ra omi lẹ́nu géètì.

Nígbà tí máàkì jáde, iye kan náà ni gbogbo wọn gbà, títí kan ẹnìkan tí mi ò fojú kàn rí ní láàbù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà nínú àpò, àyà wo ló sọ?

Mi ò ní kí wọ́n fagi lé ètò náà o. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ yí àwọ̀ yẹn padà kò ní gbàgbé rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí gúrúùpù má ju ẹni mẹ́ta lọ, kí kálukú lo bùrẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lórí omi kan náà, kí wọ́n fi èsì wéra. Kí lẹ́kíṣọ̀ sì bi kálukú léèrè kó tó fún un ní máàkì.

Ní báyìí, gúrúùpù ẹlẹ́ni mẹ́wàá míì fẹ́ wọn fítámì C inú ọsàn. Wọ́n ní kí n bá àwọn ra mẹ́rìnlá. Mo ní mẹ́rin ti tó fún àyẹ̀wò, mẹ́wàá yòókù ńkọ́? Wọ́n ní, "Bàbá, ṣebí iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni."