Éékà Ta Ni?

Ẹ sún mọ́ mi níbí, kí n má baà máa pariwo. Ṣé ẹ mọ ìyá onígàrí tó ń gbé iwájú wa yìí, ọmọ Iléṣà tó ti pẹ́ l'Óṣogbo débi pé tí wọ́n bá ń lọ sódò Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, òun ló máa ń ṣíwájú? Òun náà ni. Ó ti di àgbẹ̀ o. Ó ní gàrí tí òun ń rà lọ́wọ́ àwọn ará oko ti jẹ èrè òun tán, òun á kúkú gbin ẹ̀gẹ́ tòun. Ó gba ọ̀nà Iléṣà lọ, ó gba ilẹ̀ ọdún mẹ́ta lápá Òṣú.

Ajẹ́ńtì tó bá a wá ilẹ̀ náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí gbogbo wa la jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, aṣọ ẹbí rẹ̀ sì wà nínú àpótí mi. Ó ní, "Màmá, éékà kan rèé. Plọ́ọ̀tì mẹ́fà ni éékà, àbí ẹ ò mọ̀?" Màmá ní òun mọ̀. Ta ni yóò ní òun ò mọ̀ níwájú ajẹ́ńtì? Ó sanwó.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Plọ́ọ̀tì ju oríṣi kan lọ. Èyí tó jẹ́ 60 fíìtì sí 120 wà, mẹ́fà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé éékà kan géérégé. Èyí tó jẹ́ 50 sí 100 náà wà, mẹ́fà tirẹ̀ ò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin éékà. Éékà ò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú plọ́ọ̀tì ẹnikẹ́ni: 43,560 fíìtì onígun mẹ́rin ni. Ẹ wo nọ́ńbà! Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Edmund Gunter ló ṣe ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ kan ní 1620, gígùn rẹ̀ jẹ́ 66 fíìtì. Ẹ ta ẹ̀wọ̀n yẹn lẹ́ẹ̀mẹwàá lóròó, ẹ ta á lẹ́ẹ̀kan níbùú, éékà kan nìyẹn.

Héktà ni tàwọn oníwèé. 100 mítà sí 100 mítà, ó fi díẹ̀ dín ní éékà méjì àtààbọ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, èyí tó kó ilẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́, héktà ló fi ń sọ̀rọ̀: ìjọba ìbílẹ̀ ò gbọdọ̀ fún ẹnì kan ní ilẹ̀ oko tó ju 500 héktà lọ àfi tí gómìnà bá fọwọ́ sí i. Ẹ sì mọ Igbó Ọ̀ṣun wa yìí, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní 2005? Héktà 75 ni gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹnì kan lè gba oko tó ju Igbó Ọ̀ṣun mẹ́fà lọ. Ta ni yóò ro ó? Ìyá onígàrí tí éékà kan ń yọ lẹ́nu?

Ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn, ó ń bọ̀ wá kan án lára. Ìgò oògùn ìpako, héktà ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Onítirakítọ̀ dé, éékà lòun máa ń pè. Tẹ́ ẹ bá da oògùn héktà kan sórí éékà kan, ẹ dà á ní ìlọ́po méjì àtààbọ̀ nìyẹn, kẹ́ ẹ wá máa wá ẹni tó sa ẹ̀gẹ́ yín lóògùn.

Kí la tilẹ̀ ń wí? Ẹ̀n-ẹ́n, oko Màmá. Bàbá Àgàtú kan ni Màmá gbà pé kó wá kọ ebè. Bàbá yìí ò mọ éékà, kò mọ héktà, igba ló mọ̀, bí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ṣe ń ka ebè láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kọ ogún ebè lórí ìlà kan. Tí ìlà bá ti pé mẹ́wàá, igba dé, á ri igi kan mọ́lẹ̀ níkangun rẹ̀, á gba omi mu, á tún bẹ̀rẹ̀. Àárín ebè kan sí ìkejì jẹ́ mítà kan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, héktà kan á gba 10,000 ebè, éékà kan á gba nǹkan bí 4,000, igba lọ́nà ogún.

Màmá náà ti ṣètò tirẹ̀. Ó ra ìdì igi ẹ̀gẹ́ ogún. Ìdì kan jẹ́ igi 50, igi kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà kan, ẹ gé e sí mẹ́rin, igba ni. Ìdì kan fún igba kan. Ẹ ò rí i pé obìnrin yìí ò kàwé púpọ̀ ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé?

Nígbà tí Bàbá fi ọkọ́ lélẹ̀, igi tó rì mọ́lẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlá, igba kẹrìnlá ò sì pé. Màmá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà." Bàbá ní, "Màmá, ilẹ̀ ló tán o, agbára mi ò tíì tán." Ìdì ẹ̀gẹ́ mẹ́fà wà nílẹ̀ lábẹ́ igi kòkó, wọ́n ń gbẹ.

Igi kòkó yẹn ní ẹni tó ni ín, bàbá Ìjẹ̀ṣà kan tí pérégún nìkan pààlà òun àti Màmá. Òun ló gbé fóònù jáde. Àwọn tó ń ra kòkó ti ń fi fóònù yí oko ká báyìí, torí òfin kan tí Yúróòpù ṣe ní 2023 lórí gígé igbó: kòkó tó bá fẹ́ wọ ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n mọ oko tó ti wá. Tí oko bá kéré, àmì ẹyọ kan tó. Tó bá ti ju héktà mẹ́rin lọ, wọ́n á fa ìlà rẹ̀ yíká. Mo gbọ́ pé ó ti da ilé rú díẹ̀díẹ̀. Bàbá tó ti ń sọ fún ìyàwó àti àna pé éékà mẹ́wàá ni kòkó òun, fóònù ní mẹ́rin. Lábẹ́ ewé kòkó, fóònù lè fi mítà mélòó kan ṣìnà, ṣùgbọ́n kì í ṣìnà tó éékà mẹ́fà!

Wọ́n rìn yí oko ẹ̀gẹ́ náà ká. Fóònù ní 0.28 héktà. Éékà kan á sì tó 0.4. Bàbá Àgàtú kàn rẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ̀ pé àwọn òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó máa ń lóṣòó títí wọ́n á fi gba owó wọn, ló bí Màmá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajẹ́ńtì, ó ní òun ò ní í dìde. Ajẹ́ńtì ní, "Màmá, plọ́ọ̀tì mẹ́fà ni mo wí, plọ́ọ̀tì mẹ́fà lẹ gbà." Màmá ní, "Éékà lẹ fi gbowó lọ́wọ́ mi." Owó ti bá ìgbéyàwó lọ, ẹ ti mọ̀yẹn. Nígbà tí oòrùn mú, tí àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í kí Màmá kú ìjókòó, ajẹ́ńtì ní òun á fi àkùrọ̀ kan dípò ohun tó kù. Màmá fa ojú ro. Àkùrọ̀! Ibi tí ẹ̀fọ́ ti ń yọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀fọ́ wọ́n lọ́jà! Ó mí kanlẹ̀, ó ní kò burú, òun á fara mọ́ ọn. Inú ọkọ̀ tó gbé e padà sílé ló ti rẹ́rìn-ín dé Ayétòrò l'Óṣogbo níbí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ wọn àkùrọ̀ náà, Màmá mú téèpù tirẹ̀ dání. Ajẹ́ńtì ló di orí kejì mú, bàtà rẹ̀ rì sẹ́rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ náà ní igun mẹ́ta: 200 fíìtì lẹ́bàá odò, 136 láti ibẹ̀ gbọnrangandan dé ṣóńṣó. Ajẹ́ńtì ṣírò ó lórí fóònù, 27,200 jáde, ló bá pariwo pé òun ti fún Màmá lé o, kí ó mú owó wá. Ọmọ rẹ̀ ní, "Bàbá, igun mẹ́ta ni, ẹ pín in sí méjì."