Òkú Tó Kéde Ikú Ara Rẹ̀

Ẹni tó fi fọ́tò ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù irin ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìjọ wa, tó kọ "ẹ wo ọ̀làjú" sísàlẹ̀ rẹ̀, òun náà ló kìlọ̀ fún wa pé kí ọmọ ẹnikẹ́ni má lọ wo egúngún o, iṣẹ́ òkùnkùn ni. Mo dákẹ́. Kò mọ̀ pé mo ti dé ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò náà, mo sì ti fojú ara mi rí ọ̀làjú ọ̀hún tó ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán fún àlejò ìgbéyàwó.

Pennsic War ni wọ́n ń pe eré ogun náà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe bí ará ayé àtijọ́. Láti 1972 ni wọ́n ti ń jà á. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni, ní Cooper's Lake nítòsí Slippery Rock, níbi tí nǹkan bí 10,000 èèyàn ti ń pàgọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹ́ Society for Creative Anachronism, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Berkeley ní 1966, ló ni ín. Wọ́n pín ara wọn sí ìjọba-ìjọba, kálukú pẹ̀lú ọba tirẹ̀. Ìjọba Ìlà-Oòrùn àti Ìjọba Àárín ló ń wọ̀yá ìjà, wọ́n sì máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹni tó bá pàdánù ni yóò kó ìlú Pittsburgh lọ. Ẹ kà á dáadáa: ẹni tó pàdánù. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ará Pittsburgh.

Wọ́n ní kí oníkálukú gbìyànjú láti wọ aṣọ tó ṣáájú nǹkan bí ọdún 1600. Agbádá léèsì ni mo gbé wọ̀. Obìnrin kan tó fi aṣọ funfun wérí bi mí pé ìlú wo ni mo ti wá, ní ayé ta ni. Mo ní, "Ilé-Ifẹ̀, ayé Ọbalùfọ̀n." Ó tẹrí ba. Mi ò sọ fún un pé Austria ni wọ́n ti ṣe léèsì náà, pé àwọn ọdún 1960 ni irú rẹ̀ rọ́ wọ Nàìjíríà. Ẹni tó ń fi téèpù di idà, kò lẹ́nu láti bèèrè léèsì lọ́wọ́ mi.

Ọ̀pá kéènì ni idà wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àga, téèpù ni wọ́n sì yí i lára. Ṣùgbọ́n ìjà àwàdà kọ́ ni wọ́n ń jà o. Ọ̀pá á ba àṣíborí irin, gbàù! Èmi ń wá adájọ́ kiri. Àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fara pa ni wọ́n ń ṣọ́. Wọn kì í sọ fún ẹnì kan pé ó ti kú. Ẹni tí wọ́n gbá ni yóò gbé e wò fúnra rẹ̀: ká ní idà gidi ni, ṣé màá ṣì wà láyé? Bí wọ́n bá gbá a lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ ti lọ, á kúnlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ apá, á ká a sẹ́yìn. Mo rí bàbá onírùngbọ̀n funfun kan lórí eékún, apá òsì lẹ́yìn, tó ń fọwọ́ kan ṣoṣo bá géńdé jà. Géńdé ju ọ̀pá, èmi tí mo wà lẹ́yìn okùn kò rí i pé ó bà á. Bàbá ní, "Ó wọlé." Ó ṣubú gbì, eruku sọ. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé orí, ó rìn jáde lójú ogun. Kò bẹ lọ́yà. Kò lọ sí tìráíbúnà.

Nínú ogun mìíràn, òkú á rìn dé ibi tí wọ́n fàmì sí, á jí, á sì padà wá jà. Ìyẹn nìkan ni kò yà mí lẹ́nu. Nílé wa òkú ń dìbò.

Irú ìjà yìí náà ni wọ́n fi ń jọba. Ẹni tó bá borí á gorí ìtẹ́ fún bí oṣù mẹ́fà, á gbé adé kalẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nílé, a ti rí gómìnà tí oṣù mẹ́fà kò tó fún un láti yan kọmíṣánnà.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe àwọn èèyàn yìí ní abọ̀gìbọ̀pẹ̀. Wọ́n ń rántí òkú ọ̀run àwọn baba wọn nínú ẹ̀wù irin, ayé ń pàtẹ́wọ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, rí iṣẹ́ ọwọ́ Ifẹ̀, ó ní Atlantis, ilẹ̀ inú àlọ́, ló ti wá. Kò gbà pé dúdú lè ṣe é. Àlejò ni, mo fọwọ́ lẹ́rán. Ọmọ Yorùbá tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ba agọ̀ baba rẹ̀ jẹ́, tó wá ń fi fọ́tò onírin yangàn, òun ni mi ò lè fojú rere wò. Ìtìjú ni!

Ẹni tí wọ́n bá gbá tí kò gbà, àgbánréré ni wọ́n ń fi pè é níbẹ̀, torí awọ tó nípọn. Ẹ̀yin àgbánréré Abújá, àwọn olùdìbò ti gbá yín lórí, gbogbo wa la gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀pá lé orí, kí ẹ máa bọ̀ nílé.