Bí A Ṣe Ń Pa Ẹ́ńjìnì Tí Kò Kú

Kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà ná. Má ra èyí tó ń rìn geerege, torí kí lo máa wá fi àárọ̀ Sátidé ṣe? Plymouth Road Runner ọdún 1969 ni kí o rà, èyí tó gbé ẹ́ńjìnì 383 sínú, onípísítìnì mẹ́jọ, tí ìwé rẹ̀ sọ pé agbára ẹṣin 335 ló ní. Ọkọ̀ ńlá ni. Ìwé ìròyìn Motor Trend fi í joyè ọkọ̀ ọdún ní 1969. Chrysler tó ṣe é sanwó fún Warner Bros. kí wọ́n lè lo orúkọ àti àwòrán ẹyẹ asáré inú kàtúùnù nì, wọ́n sì fi họ́ọ̀nù tó ń ké "bíìp-bíìp" bí ẹyẹ náà sí i. Fi ọ̀rọ̀ họ́ọ̀nù yìí sọ́kàn.

Wàá wọ́ ọ dé gáréèjì rẹ ní Houston. Wàá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ á béèrè bóyá gbogbo òógùn Amẹ́ríkà náà lo dà sórí ọkọ̀ tó ti ń sáré títì kí wọ́n tó bí ọ. Má dá wọn lóhùn, iṣẹ́ ń dúró dè ọ́.

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, àìsàn á yọjú. Bí o bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì á bú ramúramù. Bí o bá ti jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ kó padà sáyè rẹ̀, á kú pii. Yí i lẹ́ẹ̀kan sí i: á bú. Jọ̀wọ́ ẹ̀: á kú. Ẹlòmíì á ní ọkọ̀ náà ń sọ̀rọ̀, pé gbólóhùn kan ṣoṣo yìí náà ló sì ń tún sọ. Ìwọ má tẹ́tí. Tẹ họ́ọ̀nù. Bó bá dún "bíìp-bíìp," o ti parí àyẹ̀wò nìyẹn: ohun tó bá lóhùn, ó lẹ́mìí. A lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ.

Òfin àkọ́kọ́ ni pé kí o má béèrè nǹkan kan. Àwọn mẹkáníìkì tí kò lówó lọ́wọ́ ló ń béèrè bóyá ìgbà tó bá gbóná ni tàbí ìgbà tó bá tutù, bóyá orí òkè ni tàbí ojú títẹ́jú. Ìwọ lówó. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni kí o máa pààrọ̀, bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó wọ́n jù.

Kabúrétọ̀ ló kàn. Carter ẹlẹ́nu mẹ́rin tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé-iṣẹ́ kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú, ìyẹn sì tó ẹ̀ṣẹ̀. Ra èyí tó tóbi jù tó sì ń dán jù. Tú ìdè epo rẹ̀ títí yóò fi máa da epo bí ẹ̀rọ omi tó bẹ́. Ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí o bá fi di kọ́kọ́rọ́ mú, èéfín dúdú á bo gáréèjì. Pè é ní agbára. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ pé àwọ̀ èéfín nítumọ̀: pé dúdú túmọ̀ sí pé epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, pé èyí tó bá ní àwọ̀ aró, óìlì ló ń jó, pé funfun tí kò lọ, tó sì ń ta òórùn dídùn sí ni nímú, omi rádíétọ̀ ló ti rí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọ inú sílíńdà. Ẹni tó bá mọ èyí á kàn jókòó sórí àpótí máa wo ìdí sàlẹ́ńsà láìnáwó. Ìyẹn ò yẹ ọmọlúàbí tó ní káàdì ìrajà.

Ṣọ́ra gidi fún gééjì kékeré kan tí wọ́n ń fi rọ́bà so mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ojú rẹ̀ dà bí aago. Bí ẹ́ńjìnì tó dá ṣáṣá bá ń mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìrìn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́ láàárín 17 sí 21. Bó bá ń ta pọ́n-ún sísàlẹ̀ léraléra bí ẹni tó ń ṣẹ́jú, fáàfù kan ti jó. Irinṣẹ́ eléwu ni, torí òótọ́ ló máa sọ fún ọ kí o tó náwó. Ìbátan rẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpọ̀ inú sílíńdà burú jù ú lọ. Bí sílíńdà kan bá rẹlẹ̀, wọ́n á bu óìlì díẹ̀ sí i, wọ́n á tún un wọ̀n: bó bá gòkè, òrùka písítìnì ló jẹ, bí kò bá gòkè, fáàfù ni. Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá jọ rẹlẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n fura sí. Ọmọ ogún ọdún lè ṣe é láàárín wákàtí kan. Sá fún un.

Wáyà pulọ́ọ̀gì ńkọ́? Fa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojo ló ń yọ ọ̀kan, tó ń dá a padà, kó tó yọ èkejì. Fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n dáadáa kí àmì tí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ kọ sí wọn lára lè ṣí kúrò. 1-8-4-3-6-5-7-2 ni ẹ́ńjìnì yìí ń tò tanná. Aládùúgbò rẹ tó ní Chevrolet àtijọ́ á sáré wá ràn ọ́ lọ́wọ́, torí nọ́ńbà tiẹ̀ náà nìyẹn gẹ́lẹ́. Ohun tí kò ní sọ, nígbà tí o ò ti bi í, ni pé inú dísíríbútọ̀ tiẹ̀ ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, tìrẹ sì ń yí padà sẹ́yìn. To tìrẹ bíi tiẹ̀. Tẹ orí bọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì kí o lè gbọ́ dáadáa, kó bá ọ yí kọ́kọ́rọ́. Irun ìpéǹpéjú á hù padà.

Á gbà yín ní Sátidé méjì kí ẹ tó tò ó bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnì á bú. O jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́. Ó kú.

Àsìkò yìí ni Bàbá máa dé. Bàbá wá kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní òdìkejì títì ni. Kó tó fẹ̀yìn tì, abẹ́ Peugeot 504 ló ti lo ayé rẹ̀ n'Íbàdàn, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ náà pọ̀ ní Kàdúná ní 1975. Á dúró lẹ́nu gáréèjì, ọwọ́ lẹ́yìn.

"Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo gan-an ló ń kú?"

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà nìyí o, kì í ṣe Peugeot."

"Mo rí i. Bí o bá di kọ́kọ́rọ́ mú síbi sítátà, ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà."

"Bí o bá jọ̀wọ́ ẹ̀ ńkọ́?"

"Á kú ni."

"Ọ̀nà kan ò wọjà. Iná ń gba ọ̀nà kan dé kọ́ọ̀lù nígbà tí sítátà bá ń yí. Èyí tó yẹ kó máa gbà lẹ́yìn náà ló já. Tọ wáyà yẹn lọ, wàá bá a."

Gbé àga fún Bàbá, fún un ní Malta, kí o sì yí ọ̀rọ̀ padà sórí ìdìbò. Torí bí o bá tọ wáyà náà lọ pẹ́nrẹ́n, ara ògiri irin tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì ló máa mú ọ dé, níbi tí nǹkan funfun kan bí amọ̀ tí wọ́n sun wà, kò ju ìka ọwọ́ lọ púpọ̀. Ballast resistor lorúkọ rẹ̀. Bí sítátà bá ń yí, iná ń fò ó dá lọ bá kọ́ọ̀lù. Bí o bá ti jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́, inú rẹ̀ ni iná gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ó máa ń gbóná gan-an, bó bá sì pẹ́, á já. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ Chrysler àtijọ́ kì í jáde láìfi ọ̀kan pamọ́ sínú àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù. Owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ẹni méjì. Ìyẹn gan-an ni kò ṣe lè jẹ́ òun. Ṣé nǹkan tó pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ dá òmìrán 335 dúró? Àti pé kámúṣáàfù tí o ti sanwó rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà.

Kámúṣáàfù ni irin tó ń ṣí fáàfù, tó sì ń tì í. Láti pààrọ̀ rẹ̀, wàá tú iwájú ẹ́ńjìnì palẹ̀, èyí tó ń múnú ọkùnrin dùn. Irú ti ìgbà yẹn máa ń ha ara mọ́ irin tó jókòó lé e lórí, síńkì inú óìlì ló sì ń gba àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ara wọn. Òyìnbó ti dín síńkì inú óìlì òde òní kù, nítorí náà, óìlì òde òní gan-an ni kí o rọ sí i. Bí káàmù tuntun bá kọ́kọ́ dáná, àwọn àgbà iṣẹ́ máa ń jẹ́ kó sá bí ìyípo 2,000 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, fún bí 20 ìṣẹ́jú láìdúró, kí irin méjèèjì lè mọwọ́ ara wọn.

Ó yá. Yí kọ́kọ́rọ́. Ó bú. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé bí o bá jọ̀wọ́ ẹ̀, á kú. Nítorí náà, di kọ́kọ́rọ́ mú síbẹ̀, kí o sì wo aago. Sítátà tí kò yẹ kó bá ẹ́ńjìnì tó ti dáná sáré á máa ké bí ẹlẹ́dẹ̀ ọjọ́ ọdún, á sì jó kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Ra òmíràn, bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Káàmù á máa jẹ ara rẹ̀, ìyẹ̀fun irin á bá óìlì rìn dé gbogbo ibi tí óìlì ń dé, títí kan orí béárìn. Ní Sátidé kẹta wàá gbọ́ ọ nísàlẹ̀: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì. Òótọ́ ti wá wà nínú ohun tí o ti ń sọ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, pé ọkọ̀ yìí ti kú.

Ìpolówó ló kù. Kọ ọ́ ní ṣókí, má purọ́:

"Plymouth Road Runner 1969, ẹ́ńjìnì 383. Kabúrétọ̀ tuntun, káàmù tuntun, wáyà pulọ́ọ̀gì tí a fọ̀ mọ́, sítátà tuntun méjì. Ballast resistor ti ilé-iṣẹ́ gan-an, a ò fọwọ́ kàn án rí. Họ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́."