Oríkì Bí-Mo-Ṣe-Gbà-Á, Ọba Orí Fóònù

Mo kí ọ, mo tún kí ọ, ìwọ Bí-Mo-Ṣe-Gbà-Á-Ni-Mo-Ṣe-Fi-Ránṣẹ́, àrẹ̀mọ A-Kò-Mọ-Baba, arìnrìn-àjò òru tí í ti Máfolúkù dé Èjìgbò kí àkùkọ tó kọ, tí kì í wọkọ̀, tí kì í sanwó, tí àgbèrò abẹ́ afárá Òṣòdì kò sì lè gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ìwọ náà kò ní orísun, síbẹ̀ kò sí ìjọ Ọlọ́run kan ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ tí o kò bá tan, ìbáà ṣe ti Àgùdà, ìbáà ṣe ti Áńgílíkà, ìbáà ṣe ti aláṣọ funfun, títí kan àwọn tí ń ṣọ́ òru títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ta ni kò mọ aṣọ oyè rẹ? Lẹ́tà gàdàgbà láti òkè dé ilẹ̀, àmì iná mẹ́ta níwájú, ọwọ́ àdúrà méjì lẹ́yìn, ìkìlọ̀ pé kí a tètè kà ọ́ kí ìjọba tó pa ọ́ rẹ́, àti ẹsẹ Bíbélì kan tí a so mọ́ ọ nídìí kí ajá má baà gbó ọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìdílé ńlá ni o ti wá. Ní 1948, nígbà tí West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe àti Daily Service ti àwọn tó dojú kọ ọ́ ń fi Yorùbá àti Ìgbò gún ara wọn lójú ìwé lójoojúmọ́, àwọn ará Èkó tó ń kà wọ́n gba ọjà lọ, wọ́n ń ra àdá, títí àdá fi gbówó lórí. Ìwé ìròyìn, baba ńlá rẹ, ṣe gudugudu méje, ó ṣe yààyà mẹ́fà. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ó ní olóòtú, ó sì ní ilé, tí ẹni tí inú bá ń bí lè lọ kanlẹ̀kùn. Ìwọ lo mú àléébù yẹn kúrò nínú ìdílé.

Ní oṣù kẹrin 2020, àwọn tó ni WhatsApp gbìyànjú láti ká ọ lẹ́sẹ̀ kò: wọ́n ní bí o bá ti gba ọwọ́ èèyàn márùn-ún kọjá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ́ ránṣẹ́ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò mọ àwọn ìyá ìjọ wa, tí wọ́n ní sùúrù láti fi ọ́ ránṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń fi dátà ara wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Òfófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ.

Ṣùgbọ́n 2023 ni ọdún ìwúyè rẹ. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì, nínú ìdìbò ààrẹ, Peter Obi, ọmọ Ìgbò, fi ìbò 582,454 borí Bola Tinubu ti APC, ọmọ Yorùbá, tó ní 572,606 ní Èkó. Ìdìbò gómìnà di ọjọ́ 18 oṣù kẹta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó wà láàárín ni o fi jọba. Nígbà tí fídíò Musiliu Akinsanya, ọ̀gá àwọn awakọ̀ èrò tí a mọ̀ sí MC Oluomo ti Òṣòdì, jáde, níbi tó ti ń sọ pé kí Ìgbò tí kò bá ní dìbò fún APC jókòó sílé, ọlọ́pàá ní obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Chukwudi ló ń bá ṣẹ̀fẹ̀. Ìwọ kò dúró gbọ́ àlàyé, o gbé e fún Ìgbò láti fi bẹ̀rù, o gbé e fún Yorùbá láti fi yangàn. O kọ́ wa láti máa bèèrè ẹni tó nilẹ̀ ní Òṣòdì, àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ tí Òṣòdì Tápà, ọmọ Núpé tó di balógun Ọba Kòsọ́kọ́, sọ di olókìkí. Ní ìjọ kan ní Ọ̀kọ́ta, akọrin méjì, Yorùbá kan, Ìgbò kan, tí wọ́n ti ń di ìwé orin kan ṣoṣo mú láti ọjọ́ pípẹ́, gba àkàrà àti wáìnì lórí tábìlì kan náà, wọ́n sì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ padà sí ìjókòó kí èjìká má baà kan èjìká. Káre, ọba! Èṣù fúnra rẹ̀ ìbá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Jákọ́bù, nínú ìwé rẹ̀, ti fi ahọ́n wé iná. Kò mọ̀ pé àtàǹpàkò ń bọ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí èké tí wọ́n wá sọ̀rọ̀ òdì sí Jésù níwájú olórí àlùfáà, wọ́n dìde dúró ni, gbogbo ìgbìmọ̀ sì rí ojú wọn. Ìwọ jù wọ́n lọ. Onígbàgbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n bí a bá gbé Bíbélì fún un ní kóòtù pé kí ó búra, ìwọ lo fún un ní ibi ìsápamọ́: ó ní òun kò sọ ọ́, òun kàn fi ránṣẹ́ ni. Báyìí ni o ṣe sọ òfin tó ka ẹ̀rí èké sí ẹ̀ṣẹ̀ di òfin tí ó mú ẹnu nìkan, tí kò kan ìka.

Ìdìbò 2027 kò jìnnà mọ́, mo sì mọ̀ pé ọba yìí ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin alàgbà, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́ akọrin tí ẹ ń ṣàkóso àwọn ẹgbẹ́ orí fóònù wa, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: ẹni tó bá fẹ́ gbé e wọlé, kí ó pa orúkọ oyè gígùn yẹn rẹ́, kí ó sì kọ orúkọ tí wọ́n sọ òun fúnra rẹ̀ níbi ìrìbọmi sí ìdí ọ̀rọ̀ náà.