Ẹni Tó Ta Máàpù Sódò

Ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o. Èmi kì í ṣòfófó. Ohun tí ojú mi bá rí ni mò ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé Ìdí-Òrò kí n tó délé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn. Fíìmù ni mo sì fẹ́ sọ lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì àti aláṣọ tó ń bá a ra àǹkárá láwìn. Ìyẹn ń bọ̀ lọ́tọ̀.

Ọmọ Bàbá Lándílọ́ọ̀dù, èyí tó ń kàwé ní Yábàtẹ́ẹ̀kì, ló fà á. Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣàn ńlá tí bàbá rẹ̀ gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí gbogbo ilé wá wo fíìmù òyìnbó kan tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe, tó sì dẹ́rù ba gbogbo ayé. The Blair Witch Project ni wọ́n ń pè é, ọdún 1999 ló jáde. Ẹ mọ irú ilé tí à ń gbé ní Muṣin: yàrá kọjú sí yàrá, bí ará iwájú bá sín, ará ẹ̀yìnkùlé á kí i pé pẹ̀lẹ́. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, àpótí ti kún ilẹ̀. Ìyá Alámàlà fi ẹ̀wà sórí iná, ó ní òun kàn fẹ́ yọjú ni. (Ẹ̀wà yẹn jóná. Àwa la jẹ ẹ́.) Ọlọ́dẹ wa náà wá. Ilé ìtajà ni Ọlọ́dẹ ń ṣọ́ lóru, fèrè àti tọ́ọ̀ṣì nìkan la sì rí lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò kẹ́ ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ọdẹ. Ó ní bàbá tó bí òun lọ́mọ pa ẹfọ̀n.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ mẹ́ta, Heather, Josh àti Mike, gbé kámẹ́rà, wọ́n wọ igbó kan ní Maryland ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ ṣe ìwádìí àjẹ́ kan tí àwọn ará ìlú ní ó wà níbẹ̀. Oṣù kẹwàá 1994 ni wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀. Wọn ò jáde mọ́. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n rí kámẹ́rà wọn, ohun tó wà nínú rẹ̀ la sì ń wò.

"Ta ni wọ́n kí kí wọ́n tó wọlé?" Ìyá Kẹ́hìndé ló da ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Wọlé ibo? Igbó mà ni."

"Igbó ò ní onílé, àbí?"

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán wá ń mì lọ mì bọ̀, igi ń dorí kodò. Bọ̀dá Wáyà dìde, ó gbá tẹlifíṣàn létí gbàà. Kò dáwọ́ dúró. Ó tún gbá a. Ọmọ Lándílọ́ọ̀dù ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe rí nìyẹn, àwọn òṣèré fúnra wọn ló gbé kámẹ́rà lọ́wọ́." Òòyì ti kọ́ Ìyá Alámàlà ní tirẹ̀, ó dijú, ó ní kí wọ́n máa sọ fún òun bó bá ṣe ń lọ. Àwọn òyìnbó náà ò yọ sílẹ̀ o: nígbà tó kọ́kọ́ jáde, èébì gbé àwọn kan nínú sinimá.

Wọ́n dé ibi ibojì àtijọ́ kan, òkìtì òkúta kéékèèké wà níbẹ̀. Josh ṣèèṣì da ọ̀kan rú, Heather tò ó padà. Ìyá Kẹ́hìndé káwọ́ lérí. "Ó parí. Ẹ pa á, a ti wò ó tán." Òótọ́ sì ni pé láti ìgbà yẹn, ọkàn wọn ò balẹ̀ mọ́. Bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á bá òkìtì òkúta níwájú àgọ́ wọn. Lóru, wọ́n á gbọ́ ohùn ọmọdé. Wọ́n dé ibì kan tí wọ́n ti fi igi wẹ́wẹ́ di ère bí ènìyàn, wọ́n so ó rọ̀ káàkiri orí igi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nígbà yẹn, èmi gan-an ti fa ẹsẹ̀ mi sókè kúrò nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé ibi máàpù. Máàpù sọnù. Wọ́n wá a títí. Ni Mike bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun lòun ta á sódò lánàá, nítorí kò wúlò fáwọn. Ilé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ wó! Bọ̀dá Wáyà ní kí wọ́n na Mike. Ìyá Alámàlà lajú, ó bú u, ó tún dijú. Ọlọ́dẹ bọ́ síwájú tẹlifíṣàn, ó ń bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́: "Ẹ tẹ̀lé odò! Odò kì í ṣìnà, ibi tó bá ṣàn lọ, ènìyàn á wà níbẹ̀. Ẹ sì máa ṣẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹ ṣe ń lọ!" Wọn ò gbọ́. Kọ́ńpáàsì ni wọ́n gbé, wọ́n fi gbogbo ọjọ́ rìn lọ sí gúúsù, nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ibi igi tí wọ́n gbà sọdá odò láàárọ̀ ni wọ́n tún bá ara wọn. Ọlọ́dẹ jókòó, ó mi orí. "Mo wí."

Ẹ gbọ́, Ọlọ́dẹ tó mọ ọ̀nà inú igbó Amẹ́ríkà yìí, nígbà tí a lọ síbi ìgbéyàwó ní Ṣùúrùlérè, abẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gbà la ti rí i kó jọ. Ó wà nínú ọkọ̀ Yábà, ó ń bá kọ̀ǹdọ́ jà pé kó já òun sí Adéníran Ògúnsànyà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Heather. Ebi ń pa wọ́n, Josh ti di àwátì, síbẹ̀ kò gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ìyá Kẹ́hìndé ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò bá tètè gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí yóò parí sí nìyẹn. Nígbà tí ọmọ náà wá kọ kámẹ́rà sójú ara rẹ̀, tí omijé àti ikun pa pọ̀ lójú rẹ̀, tó ń bẹ ìyá rẹ̀ àti ìyá àwọn méjì yòókù, Ìyá Kẹ́hìndé yìí kan náà fa ìborùn, ó nu ojú. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé àlàpà kan. Mike kọjú sí ògiri, kò mira. Kámẹ́rà bọ́ lulẹ̀. Ó tán.

"Àjẹ́ ńkọ́?"

Gbogbo ẹnu ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Lándílọ́ọ̀dù, tí wọn ò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, wá mẹ́nu kúrò nínú orógbó. Wọ́n ní irú ìrẹ́jẹ wo rèé? Wọ́n ní nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, ènìyàn mọ ohun tó sanwó wò. Àjẹ́ wà níbẹ̀ lójúkorojú, wọ́n ń ṣèpàdé nínú igbó, Ọ̀ṣẹ́túrá tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe sì ń bá wọn fà á. Èyí tí a sọ pé ó dẹ́rù ba ayé, kò sí ìyẹ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀!

Èmi ò fara mọ́ Bàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ ọ́ síta, nítorí owó ilé mi ti pé. Àjẹ́ Ògúndé, bó ti wù kó burú tó, o rí i, o mọ bó ṣe tóbi tó. Ti àwọn ọmọ yìí, ìwọ lo máa fi orí ara rẹ dá a, orí kálukú sì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀rí rèé: lóru ọjọ́ yẹn, ta ló wá kan ilẹ̀kùn mi pé kí n sin òun dé ilé ìyàgbẹ́ ẹ̀yìnkùlé? Ìyá Kẹ́hìndé tó ń bèèrè àjẹ́.

Ilé wa ò kúkú fẹ́ràn fíìmù tó bá dá ẹjọ́ sí wa lọ́rùn. Araromire tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2009 fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Àwọn àgùnbánirọ̀ méjì rí ère kan nínú ahéré tí wọ́n ti pa tì nínú igbó, wọ́n gbé e. Ọdún méje oríire, ọdún méje àgbákò. Nígbà tó parí, ó wá ń bi òǹwòran pé kí ni ìwọ gbà gbọ́. Ìyá Alámàlà ní òrìṣà ni. Bọ̀dá Wáyà ní òrìṣà kọ́, Fẹ́mi tí Ramsey Nouah ṣe ló wà nídìí gbogbo rẹ̀ nítorí obìnrin. Títí di òní, bí Bọ̀dá Wáyà bá ra àmàlà, ẹran rẹ̀ máa ń kéré.

Ọmọ Lándílọ́ọ̀dù wá tú àṣírí. Ó ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní àwọn olùdarí méjì, Daniel Myrick àti Eduardo Sánchez, ló kó àwọn òṣèré náà wọgbó ní 1997, ọjọ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n fi ya á. Wọ́n á fi ìwé pélébé pamọ́ sójú ọ̀nà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nípa ohun tó máa ṣe, wọ́n á máa dín oúnjẹ wọn kù lójoojúmọ́ kí ìbínú wọn lè jẹ́ òótọ́, àwọn olùdarí náà ló sì ń mi àgọ́ wọn lóru. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kéde pé àwọn ọmọ náà sọnù, débi tí àwọn ènìyàn fi ń fi káàdì ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí ìyá Heather Donahue.

"Wọ́n wà láyé?" Ìyá Kẹ́hìndé dìde. "Mo sunkún fún ẹni tó ń jẹun nílé rẹ̀?"

Èèyàn ò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà dárúkọ owó, inú yí padà. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 60 dọ́là ni wọ́n fi ya á, ó sì pa nǹkan bí mílíọ̀nù 250 dọ́là. Àwọn òṣèré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ní 2024, wọ́n ṣì ń kọ lẹ́tà sí Lionsgate tó ni fíìmù náà báyìí, pé kí wọ́n fún àwọn nínú ohun tó ń wọlé. Kíá lẹ̀rù tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ìbínú gba ipò rẹ̀. Mike tí wọ́n ní kí wọ́n nà di ọmọ dáadáa. Bàbá Lándílọ́ọ̀dù ní ohun tó ṣe Bàbá Sàlá nìyẹn, tó kó gbogbo owó rẹ̀ lé fíìmù Ọ̀run Mooru ní 1982, táwọn olè sì dà á kọ sí fídíò, tí wọ́n ń tà á kiri, tí gbèsè wá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ òógùn òṣèré, kò ní rójú rere. A ṣe àmín, ó dún dé títì.

Àfi Bọ̀dá Wáyà tó yíjú sí ọmọ náà. "Èyí tí a wò yìí, èló lo rà á?"

Ọmọ náà ń tú wáyà. Ó ní àwọn kan wà ní Yábà tí wọ́n máa ń báni kó o sínú fláàṣì.

Bàbá Lándílọ́ọ̀dù wú ikọ́. Wọ́n bi í pé ṣé ó ní apá kejì. Ó ní ó ní, ó jáde ní 2000. Wọ́n ní kó kó o wá lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Kẹ́hìndé sì ní òun máa jókòó sápá ògiri.